Kí ló dé tí àwọn aláìsàn fi ń pa agogo oògùn? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí bí a ṣe ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò

Olùbéèrè_Tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti àwọn mẹ́ta kan la jọ ń kọ́ áàpù kan tó ń rán àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru létí kí wọ́n lo oògùn wọn. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, a fi fọ́ọ̀mù ìbéèrè ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ló dáhùn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ní ìgbàgbé ló ń jẹ́ kí àwọn fo oògùn. Ohun tí a gbọ́ la ṣe: a fi agogo sí i. Àwọn tó kọ́kọ́ dán an wò yìn ín gan-an. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí púpọ̀ nínú wọn fi pa agogo náà. Mo bi wọ́n léèrè ìdí, wọ́n ní ọwọ́ àwọn dí.

Ó ń dùn mí, torí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ohun tó yẹ kí èèyàn máa fò. Mo ti wá gbà pé nọ́ńbà lè sọ iye àwọn tó pa agogo fún mi, kò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Mo fẹ́ jókòó ti àwọn aláìsàn fúnra wọn, kí n sì bá àwọn apòògùn àti nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Mi ò ṣe irú rẹ̀ rí. Èèyàn mélòó ló tó? Kí ni kí n bi wọ́n? Ṣé kí n kó wọn jọ sójú kan ni, àbí kí n máa rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ní.

Atẹ́tísílẹ̀

Ẹ kú ìrònú. Àwọn tó kọ fọ́ọ̀mù yín kò purọ́. Ìbéèrè yẹn ni kò fún wọn láyè. Bí a bá bi èèyàn pé kí ló dé tó fi ń fo oògùn, ó gbọ́dọ̀ wá ìdí kan sọ, ìgbàgbé ló sì rọrùn jù láti sọ, torí kò sí ẹni tó máa bá a wí nítorí ìgbàgbé.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni mo lè fi lé yín lọ́wọ́, òun ni pé kí ẹ fi "ẹ máa ń" sílẹ̀, kí ẹ sì di ìgbà tó kọjá mú. Ẹ má bi í pé ìgbà wo ló máa ń lo oògùn. Ẹ ní: "Àná ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ jí." Níbo lẹ wà nígbà tí agogo dún? Ta ló wà lọ́dọ̀ yín? Oògùn náà ńkọ́, níbo ló wà? Kí lẹ wá ṣe? Ẹni tó ń ròyìn ọjọ́ kan pàtó kì í ráyè ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ fún yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń sọ.

Ìbéèrè nípa ọ̀la ló burú jù lọ. "Bí a bá ṣe é báyìí, ṣé ẹ máa lò ó?" Mo ti béèrè bẹ́ẹ̀ rí lórí iṣẹ́ kan. Gbogbo wọn ló ní àwọn á lò ó, a sì fi oṣù mẹ́jọ kọ́ ọ. Nígbà tó jáde, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wá. Mi ò bínú sí wọn. Wọ́n rí i pé mo ti ṣe wàhálà, wọ́n fẹ́ ṣe mí lóore. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti bi ẹnikẹ́ni ní irú rẹ̀ mọ́.

Ọmọ_Oníṣirò

Lórí iye èèyàn, márùn-ún ti tó. Mo kà á níbì kan pé èèyàn márùn-ún máa fi ìdá 85 nínú 100 gbogbo ìṣòro hàn.

Àgbà_Olùwádìí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún ìyẹn ṣe, torí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Jakob Nielsen àti Thomas Landauer, àwọn olùwádìí nípa bí èèyàn ṣe ń lo ẹ̀rọ, ló ṣe ìṣirò yẹn ní 1993, Nielsen sì wá kọ ọ́ fún gbogbo ayé ní 2000. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé bí ẹ bá gbé nǹkan tí ẹ ti ṣe lé èèyàn lọ́wọ́, tí ó ń fi ṣiṣẹ́ lójú yín, ẹni márùn-ún á ti kọsẹ̀ lára èyí tó pọ̀ jù nínú àbùkù rẹ̀. Wọ́n tún gbé e lé e pé ẹnì kọ̀ọ̀kan á rí nǹkan bí ìdá 31 nínú 100 àbùkù náà. Bí tiyín bá fara sin ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣirò ti yí nìyẹn. Ìdánwò bọ́tìnnì ni èyí wà fún. Bí èèyàn ṣe ń bá àìsàn gbé, ọ̀tọ̀ ni.

Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ohun tí a ń wò ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ tuntun kò bá jáde mọ́. Ọ̀dọ̀ Barney Glaser àti Anselm Strauss, àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ, ní 1967, ni èrò yìí ti wá. Ní 2006, Greg Guest, Arwen Bunce àti Laura Johnson padà sórí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò 60 tí a ṣe pẹ̀lú àwọn obìnrin ní Ghana àti Nàìjíríà, wọ́n ń wo ibi tí ọ̀rọ̀ tuntun ti tán. Nígbà tí wọ́n fi dé orí ẹni 12, èyí tó pọ̀ jù nínú kókó ọ̀rọ̀ ti jáde, àwọn tó gbòòrò jù ti ń hàn láti orí ẹni 6. Ọ̀pọ̀ èèyàn mú 12 yẹn bí òfin, wọ́n sì gbàgbé pé àwọn obìnrin náà jọra, pé ìbéèrè kan náà ni a sì bi wọ́n. Ẹni tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ní oṣù tó kọjá pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, àti ẹni tó ti ń lo oògùn láti 20 ọdún, ẹ má kà wọ́n pọ̀ bí ẹgbẹ́ kan. Bí mo bá wà nípò yín, n óò wá mẹ́fà mẹ́fà nínú ọ̀wọ́ méjì yìí, n óò sì gbọ́ tẹnu nọ́ọ̀sì àti apòògùn mẹ́rin sí mẹ́fà.

Ohun tó jẹ mí lógún ju iye lọ ni ẹni tí ẹ ń yàn. Ẹ má lọ bá kìkì àwọn tó fẹ́ràn yín. Àwọn tó pa agogo, àwọn tó yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù wọn pátápátá, àwọn ni ẹ máa wá kiri.

Ọmọ_Oníṣirò

Ẹ ṣeun. Ibi tí mo ti kà á kò ṣàlàyé dé ibẹ̀ yẹn. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Irú ẹni tí ẹ fẹ́ wá bá ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ tiwa.

Wọ́n máa ń wá, wọ́n á ní: "Kí lẹ máa ń ṣe bí aláìsàn kò bá lo oògùn rẹ̀?" Kí n tó mọ̀, mo ti ń ka ohun tí wọ́n kọ́ wa níléèwé sí wọn létí. A ó ṣàlàyé fún un, a ó bi í bóyá oògùn náà ń yọ ọ́ lẹ́nu, a ó kọ ọ́ sínú fáìlì. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀ tí wọn ò lè rí kà nínú ìwé.

Ìgbà kan ni ọmọbìnrin kan wá, tó bi mí pé: "Aláìsàn wo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ rú yín lójú jù láìpẹ́ yìí?" Mo dákẹ́. Òun náà dákẹ́. Ni ọ̀kan bá sọ sí mi lọ́kàn (mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a mọ̀). Baba kan ni, ó ní gbogbo oògùn òun lòun ń lò déédéé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì wálẹ̀. Ọmọbìnrin náà ní kí ni mo kọ́kọ́ rí tí mo fi fura. Mi ò ronú kan èyí rí láyé mi. Mo wá rí i pé páálí oògùn rẹ̀ ni. Etí páálí náà ṣì le gbagidi. Páálí tí èèyàn ń ṣí tó ń pa dé lójoojúmọ́, etí rẹ̀ á ti rọ̀, igun rẹ̀ á ti ká. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń wo etí páálí lọ́wọ́ aláìsàn, ẹnikẹ́ni kò bi mí rí, èmi gan-an kò sì mọ̀ pé mò ń wò ó.

Nítorí náà, ẹ má bi wá ní ohun tí a mọ̀. Ẹ mú wa padà sí ọjọ́ kan tó le, kí ẹ máa bi wá ní ohun tí ojú wa rí àti ohun tí a gbọ́. Ẹ tún jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé díẹ̀ kí ẹ tó dé, kí ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá wa jókòó tì wá, kí ẹ sì ṣe é lọ́jọ́ tí a kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ òru, kò sí ohun tí èmi lè sọ tó máa wúlò fún yín.

Àgbà_Olùwádìí

Mo ka ọ̀rọ̀ páálí yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ọmọbìnrin náà ṣe ní ìtàn tó gùn. John Flanagan ló kọ ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ ní 1954, lẹ́yìn iṣẹ́ tó ṣe pẹ̀lú àwọn awakọ̀ òfuurufú ológun Amẹ́ríkà nígbà ogun àgbáyé kejì: ẹ ní kí èèyàn ròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní pàtó tó lọ dáadáa tàbí tó bàjẹ́. Gary Klein wá lo irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀gá panápaná ní àwọn ọdún 1980. Nígbà tó bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe ìpinnu, wọ́n ní àwọn kì í ṣe ìpinnu kankan, àwọn kàn ń ṣe ohun tó yẹ ni. Ìgbà tó mú wọn padà sínú iná kan ní pàtó, ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú, ló wá hàn pé ohun tí ojú wọn ti rí sẹ́yìn ni wọ́n fi ń dá iná tó wà níwájú wọn mọ̀.

Sùúrù_Lérè

Ẹ má kó àwọn aláìsàn jọ. Mo mọ̀ pé ó máa yá, mo sì mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò pọ̀. Àpéjọ ẹlẹ́ni mẹ́fà sí mẹ́jọ dára bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ bí èèyàn ṣe ń bára wọn jiyàn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe nǹkan, ohun tí ọ̀kan sọ tó rán èkejì létí. Àmọ́ ta ni yóò sọ lójú àlejò márùn-ún pé òun ti purọ́ fún dókítà òun? Ẹni àkọ́kọ́ á ní òun ń lo tòun déédéé, àwọn yòókù á sì máa tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ tó bá ní ìtìjú nínú, ẹnì kan sí ẹnì kan ni.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé àwọn onímọ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn kò jọra, ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní Delphi, àwọn èèyàn RAND, ilé iṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, ló gbé e kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Kálukú á kọ èrò tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ ó kó o jọ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ ó dá a padà fún wọn kí wọ́n tún èrò wọn wò, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọn yóò fi súnmọ́ra. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù ọ̀gá níbẹ̀. Mi ò rò pé ẹ nílò rẹ̀ báyìí.

Ojú_Lọ̀rọ̀_Wà

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ìbéèrè, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ojú. Richard Nisbett àti Timothy Wilson kọ̀wé ní 1977 nípa ìdánwò kan: wọ́n to ìbọ̀sẹ̀ obìnrin mẹ́rin kalẹ̀, wọ́n ní kí àwọn èèyàn yan èyí tó dára jù. Ọ̀kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó wà ní ọwọ́ ọ̀tún pátápátá ni wọ́n yàn jù. Nígbà tí wọ́n béèrè ìdí, àwọn èèyàn sọ ti ìhunṣọ, wọ́n sọ ti bó ṣe rí lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó sọ pé ibi tó wà ló mú òun yàn án. Ọ̀rọ̀ ìdí, èèyàn lè má mọ̀ ọ́n nínú ara rẹ̀, bó ti wù kí ó fẹ́ sòótọ́ tó.

Nítorí èyí, bí wọ́n bá gbà yín láàyè, ẹ lọ bá wọn níbi tí oògùn náà wà. Karen Holtzblatt àti Hugh Beyer ní kí olùwádìí ṣe bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ níwájú ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yẹn sì yé àwa tí a kọ́ṣẹ́ ọwọ́ rí: ọ̀gá kì í ṣe àlàyé púpọ̀, ẹ̀yin lẹ máa wò ó. Ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí bí ẹ ṣe lò ó láàárọ̀ yìí." Ẹ wo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn náà, ẹ wo ẹni tó lè rí i láti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó bá ṣí áàpù yín, ẹ ní kí ó máa sọ ohun tó ń rò sókè bó ṣe ń ṣe é, kí ẹ má sì ràn án lọ́wọ́. Èyí ló nira jù fún ẹni tó kọ́ nǹkan náà fúnra rẹ̀. Ọwọ́ yín á máa yún yín. Ẹ dì í mú.

Fún àwọn tí ẹ kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ ní kí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù lálaalẹ́ fún ọjọ́ méje, ìṣẹ́jú kan péré: kí ló ṣẹlẹ̀ sí oògùn wọn lónìí?

Ẹ_Gba_Àṣẹ

Mi ò fẹ́ dá yín dúró, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlera lẹ ń bi èèyàn yìí. Ẹ wádìí bóyá ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí a ń ṣèwádìí lé lórí, ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ torí ó lè pẹ́. Ẹ gba ìyọ̀ǹda ẹnì kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tẹ ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀: ohun tí ẹ fẹ́ fi ohùn rẹ̀ ṣe, ẹni tó máa gbọ́ ọ, ìgbà tí ẹ máa pa á rẹ́, àti pé ó lè ní kí ẹ dúró nígbàkígbà láìsọ ìdí. Ohùn nìkan ti tó láti dá èèyàn mọ̀, kódà láìsí orúkọ. Bí ẹ bá ya àwòrán, ẹ wò ó dáadáa, orúkọ aláìsàn máa ń wà lára páálí.

Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì bá yín pe aláìsàn tó ń tọ́jú. Ta ló máa lè sọ fún ẹni tó ń fún un lóògùn pé òun kò ṣe?

Atẹ́tísílẹ̀

Ẹ̀yin tó ń kìlọ̀ nípa àṣẹ, ẹ ṣé gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi kékeré kan kún un. Lẹ́yìn tí ẹni náà bá dáhùn tán, ẹ má tíì béèrè òmíràn. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún nínú yín. Ìdákẹ́jẹ́ á ni yín lára, á ni òun náà lára, òun ló sì máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí mo gbọ́ tó wúlò jù, ẹ̀yìn kíka ẹ̀ta ló ti jáde. Ẹ fi ẹnì kan dán ìbéèrè yín wò ná, kí ẹ má ka ẹni yẹn mọ́ wọn.

Aṣàdàkọ

Gbogbo èèyàn gbàgbé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn. Ohùn wákàtí kan á gba wákàtí mẹ́rin ó kéré tán láti kọ sílẹ̀ bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ni ẹ fẹ́ fi kọ ọ́. Ẹ fi í sínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yín báyìí. Ẹ má dúró kí ẹ gbọ́ tẹnu gbogbo wọn tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, torí ohun tí ẹ bá rí lẹ́nu ẹni kẹta ló máa tún ìbéèrè ẹni kẹrin ṣe.

Bí mo ṣe ń ṣe é: mo ń ka á lẹ́ẹ̀kan láìkọ nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ń gé gbólóhùn tó bá mú mi dúró, ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí ìwé kékeré, pẹ̀lú àmì ẹni tó sọ ọ́. Mo tẹ́ wọn sílẹ̀, mo ń kó èyí tó bára mu pọ̀, orúkọ òkìtì náà ló ń kẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ Jiro Kawakita ará Japan la ti kọ́ èyí. Ọ̀nà tí Virginia Braun àti Victoria Clarke kọ ní 2006, tó ní ìpele mẹ́fà, náà dára bí ẹ bá fẹ́ ohun tí ẹ lè tọ́ka sí nínú ìròyìn yín. Ẹ jẹ́ kí ẹni méjì kó o lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó pàdé. Ibi tí òkìtì wọn bá ti yàtọ̀ ni kí ẹ jókòó sí.

Bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni wọ́n fi bá yín sọ̀rọ̀, ẹ fi Yorùbá kà á. Mo bẹ̀ yín. "Oògùn náà sú mi" àti "oògùn náà ń dà mí láàmú" kì í ṣe ọ̀kan náà, bí ẹ bá sì ti tú méjèèjì sí Gẹ̀ẹ́sì, òkìtì kan náà lẹ máa kó wọn sí.

Olùbéèrè_Tuntun

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé, mo padà wá jábọ̀. Àṣẹ gba ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo ti bá aláìsàn 11 sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì mẹ́ta, apòògùn méjì. Ti ẹni àkọ́kọ́ bàjẹ́: nígbà tí mo tẹ́tí sí ohùn náà, èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ jù. Láti orí ẹnì kejì ni mo ti ń kà á nínú mi.

Obìnrin kan ròyìn ọjọ́ Ìṣẹ́gun rẹ̀ fún mi. Ìpàdé ni wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí agogo wa dún. Ẹni tó jókòó tì í wo fóònù rẹ̀, ó ní, "Oògùn kí lẹ ń lò?" Obìnrin náà ní oògùn ibà ni. Mo fẹ́ béèrè nǹkan mìíràn, mo rántí, mo dákẹ́. Ó wá ní: "Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pa á. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ pé mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru." Méje nínú àwọn 11 ló ní irú ìtàn yìí. "Ọwọ́ mi dí" tí wọ́n ń wí fún mi, èèyàn ló wà nítòsí ni.

Ìgbàgbé gan-an kò tó bí a ṣe rò. Bàbá kan fi hàn mí bí òun ṣe ń dojú ìgò oògùn dé bí òun bá ti lò ó, tí òun á tún un gbé dúró kí òun tó sùn. Ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀. Kò sí bí fọ́ọ̀mù wa ṣe lè rí ìyẹn láéláé. A ti yọ ọ̀rọ̀ "oògùn" kúrò lójú fóònù, agogo náà kò sì dún mọ́, ó kàn ń gbọ̀n.

Ẹnì kan ni kò bá òkìtì kankan mu. Awakọ̀ ni. Ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ń fo oògùn náà ní ọjọ́ tí òun bá máa rìn jìnnà, torí ó ń jẹ́ kí òun tọ̀ léraléra, kò sì sí ibi tí òun ti lè dúró. Kò bá ohun tí a ń kọ́ mu rárá. Ṣé kí n fi sílẹ̀?

Àgbà_Olùwádìí

Ẹ má fi sílẹ̀ o! Òun gan-an ni ẹ máa tẹ̀ lé. Gbogbo àwọn yòókù ń sọ fún yín ìdí tí wọ́n fi ń pa agogo, òun ń sọ fún yín pé fífo oògùn lè jẹ́ ìpinnu tí èèyàn fi ọgbọ́n ṣe. Ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta sí i tó ń pẹ́ lójú ọ̀nà kí ọ̀sẹ̀ kẹfà tó pé. Kí ẹ sì padà tẹ́tí sí ohùn àwọn 10 yòókù, bóyá ọ̀kan ti sọ ohun tó jọ ọ́ kí etí yín tó là sí i.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Inú mi dùn gan-an sí ọ̀rọ̀ ìgò yẹn. Lórí awakọ̀ náà, àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó ń mú èèyàn tọ̀, nítorí náà ohun tó ń sọ rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbà á nímọ̀ràn pé kí ó yí àkókò rẹ̀ padà o. Dókítà rẹ̀ ló lè sọ ìyẹn, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó lọ bi í. Ẹ̀yin ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn apòògùn méjèèjì, kí ẹ ní kí wọ́n rántí ẹni ìkẹyìn tó wá bá wọn pẹ̀lú irú ẹjọ́ yìí.

Olùbéèrè_Tuntun

Mo ti pe ọ̀kan nínú wọn báyìí, ọ̀la ni a máa ríra. Awakọ̀ méjì mìíràn ti gbà láti bá mi sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sí àwọn ohùn àtẹ̀yìnwá. Ẹni kẹrin sọ ọ́ kedere, "bí mo bá ń rìnrìn àjò, mo máa ń fún ara mi ní ìsinmi díẹ̀." Èmi ni mo kọjá lórí rẹ̀, mo ti sáré bọ́ sórí ìbéèrè tó kàn. Mo máa pè é padà lálẹ́ yìí.